Kámẹ́rà Tó Ti Kú Ni Mo Yá A

Ẹni tó bá ń wá ẹni tó máa káàánú nínú ìtàn yìí, kó yáa ṣí ojú ewé mìíràn. Mi ò fẹ́ àánú. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mi orí sí mi pé obìnrin burúkú ni mí, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo ṣe, ojú mi là kedere nígbà tí mo ń ṣe é, ẹ̀rín ló sì wà lẹ́nu mi. Àwọn tó rí ẹ̀rín náà lára ògiri lè jẹ́rìí sí i.

Iṣẹ́ igún ni mo ń ṣe nígbà náà. Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Igún tó pá lórí, tó ń jẹ òkú ẹran, òun náà ni. Wọ́n ń tán lọ, àwa díẹ̀ kan la sì ń tọpa wọn kiri ká lè mọ ibi tí wọ́n ṣì ń yé ẹyin sí, kí wọ́n má bàa run pátápátá.

Mẹ́ta péré la wà ní ọ́fíìsì. Ọ̀gá wa, obìnrin àgbà tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Èmi. Àti ọmọbìnrin kan tó dé lẹ́yìn mi, tí mo sọ lórúkọ Adákẹ́, torí bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó dáhùn.

Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Kò ṣẹ̀ mí o. Ó kàn jẹ́ pé gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń dáa, èmi sì ń fi agbọ̀n pọnmi.

Ẹgbẹ́ kan wà tó máa ń fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ wa ní gíráǹtì. Owó kékeré ni, owó epo, owó bàtà igbó àti oúnjẹ. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá ti fún, orúkọ ẹ̀ ti wọlé nìyẹn, àwọn tó ní owó ńlá á bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Òfin wọn kan ló le: bó o bá ti pẹ́ díẹ̀ tó o ti jáde ilé ìwé, wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù ẹ mọ́. Wọ́n ti já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún yẹn ló kẹ́yìn fún mi, ọ̀gá sì ti là á mọ́lẹ̀ pé bí mi ò bá rí i gbà, kí n máa wá ibòmíì lọ.

Màmá mi náà ò jẹ́ n sinmi. Aṣọ ni wọ́n ń rán.

"Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́lé, ìwọ ń lé igún," wọ́n á sọ lórí fóònù, ẹ̀rọ ìránṣọ á máa ró lẹ́yìn wọn. "Ṣé igún ló máa wá tọ́jú mi lọ́jọ́ alẹ́ ni?"

"Màmá, iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ tí kò lówó lórí, eré ni. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ níbí, àga ẹ̀ ṣófo. Ìgbà tí igún bá sú ẹ, kó o wá jókòó."

Àga yẹn ni mò ń sá fún. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ọjọ́ kan ni Adákẹ́ wọlé tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ojú ẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí ìtẹ́."

"Ìtẹ́ kí ni?"

"Ìtẹ́ igún. Orí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ìyá ẹyẹ náà ti ń sàba."

Igbó tí èmi kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá, àwọn agégẹdú ti gé e balẹ̀. Kannakánná nìkan ló kù níbẹ̀, ń pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ẹ lè yá mi ní kámẹ́rà yín kan? Èyí tó ń dá ya fọ́tò."

Ara igi la máa ń so irú kámẹ́rà yìí mọ́. Bí ohunkóhun bá ti mira níwájú ẹ̀, á ya á, kò dúró de èèyàn. Méjì ni mo ní. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Èkejì ti kú láti ìgbà òjò, mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò tanná. Ẹ ti mọ èyí tí mo mú fún un.

"Gbà, àbúrò mi. Èyí tó dáa jù lọ́wọ́ mi nìyẹn o. Tọ́jú ẹ̀."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ń dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún nílé. Bó ṣe jáde ni mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó lọ so òkú mọ́gi, kó máa retí fọ́tò.

Kò pẹ́ sí i, ọ̀gá pe àwa méjèèjì.

"Ẹgbẹ́ yẹn fẹ́ rí fọ́tò lọ́dún yìí," wọ́n ní. "Ẹni tí kò bá lè fi hàn pé ẹyẹ wà níbi tó fẹ́ ti ṣiṣẹ́, kó má wulẹ̀ da ara ẹ̀ láàmú." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ, kí lo ní?"

"Mo ṣì ń wá a, mà."

"O ti ń wá a látìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Ẹni tó dé lánàá ti rí tiẹ̀."

Adákẹ́ sorí kodò. Ká ní ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn fún mi. Àánú tó fi hàn sí mi yẹn ni mo kórìíra jù.

Ibi tí Èṣù ti wá ráyè wọlé sí mi lára rèé. Bàbá Adákẹ́ ṣàìsàn, ó ní láti sáré relé. Kó tó lọ, ó wá bá mi nídìí tábìlì mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kíyè sí àpáta yẹn. Kì í ṣe kẹ́ ẹ gòkè o. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ fi awò awọ̀nàjíjìn wo ẹyẹ náà bóyá ó ṣì wà lórí ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá fò dìde, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Ṣé èmi lò ń kọ́ níṣẹ́?"

"Rárá o. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lọ́dún."

Ó fẹnu júwe ọ̀nà fún mi látòkè délẹ̀: ibi tí èèyàn á ti yà, igi tó ṣubú dínà, ibi tí àpáta ti ń yọ̀. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ yẹn nìkan pọ̀ ju gbogbo èyí tó ti ń bá mi sọ látìgbà tó ti dé. Ó fọkàn tán mi.

Mo lọ. Mo dúró nísàlẹ̀ bó ṣe wí. Nínú awò, orí ẹyẹ náà kò ju èékánná lọ. Kò sí fọ́tò tí fóònù mi lè yà níbẹ̀ tó máa wúlò fún mi. Mo ní kí n kàn gun díẹ̀. Gbogbo ìwà ìkà tí mo mọ̀ pátá, "kí n kàn" ló ń ṣáájú wọn.

Mo gun díẹ̀. Mo tún gun díẹ̀.

Igún náà rí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rí igún tó ń sàba rí. Kì í ṣe ẹyẹ burúkú tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn mọ́. Ó tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí abiyamọ bá fi aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ó ń wò mí. Mo ya fọ́tò, ó ṣú bàìbàì. Mo sún mọ́ ọn. Mo tún sún mọ́ ọn.

Fàáà! Ó fò lọ.

Ẹyin náà wà níbẹ̀, funfun, àbààwọ́n pupa bíi ti ilẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan. Mo ya fọ́tò ẹ̀ dáadáa, mo yà á lọ́tùn-ún, mo yà á lósì. Mo ti rí gíráǹtì gbà, mo ti bọ́ lọ́wọ́ àga ìránṣọ!

Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, kí ni mo rí lára igi kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́? Kámẹ́rà mi! Òkú tí mo yá a! Adákẹ́ so ó mọ́ ibẹ̀ gírígírí, ó tilẹ̀ fi ewé bò ó kí òjò má pa á.

Ẹ̀rín gbé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé ojú mi sún mọ́ ọn, mo yọ gbogbo eyín.

"Ìwọ òkú yìí," mo ní. "O ṣì ń ṣọ́nà?" Mo wá yọ ahọ́n sí i.

Orí ìyẹn ni mo wà tí mo gbọ́ ohùn kannakánná lókè orí mi.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún ẹ̀yin náà. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Èmi gan-an ni mo máa ń kọ́ àwọn ẹlòmíì pé ẹ má lé igún kúrò lórí ẹyin, torí bí oòrùn ò bá pa á, kannakánná á jẹ ẹ́. Mo mọ̀. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta lè rí mi bí mo bá dúró máa lé ẹyẹ kiri. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe bà sórí àpáta lẹ́yìn mi, mi ò wẹ̀yìn. Àwọn àgbà ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún. Èmi ò pa á, mi ò sì jẹ ẹ́. Ẹyin ẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún kannakánná.

Mo kọ fọ́ọ̀mù mi. Mo ní èmi ni mo rí ìtẹ́, lórí àpáta mìíràn tó wà ní òdìkejì. Ọ̀gá wo fọ́tò ẹyin náà pẹ́, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tún wọ̀ ọ́.

"Ó ga o," wọ́n ní. "Ó jọ pé ojú kékeré ni mo ti fi ń wò ẹ́." Wọ́n fọwọ́ sí i.

Adákẹ́ ti ilé dé, àpáta ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó wọlé, ó jókòó, kò tú okùn bàtà ẹ̀.

"Ẹyin ti lọ," ó ní.

Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọwọ́ kan náà o!

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Bí igbó ṣe rí nìyẹn. Kannakánná ni."

Ó gbójú sókè. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kannakánná ni?"

"Kí ló tún máa ń jí ẹyin?"

Ó mi orí. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n" ni, "Ó dàárọ̀, ẹ̀gbọ́n" ni, ó tán. Mo ní ọ̀fọ̀ ẹyin ló ń ṣe. Ó tù mí lára, kí n má parọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣàdédé bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà tẹ́ ẹ yá mi yẹn, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tẹ́ ẹ lò ó gbẹ̀yìn?"

"Dáadáa ni! Kí ló dé?"

"Kò sí o. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Mo rò pé ẹ̀rù ń bà á ni, pé ó rò pé òun lòun bà á jẹ́. Mo bá lejú mọ́ ọn.

"Bó bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wàá rà á o! Mi ò ní gbọ́ àwíjàre."

"Ó ti yé mi, ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà pe àwa méjèèjì wá síwájú ìgbìmọ̀ wọn. Ọ̀gá fúnra wọn ló wa mọ́tò gbé wa lọ. Lójú ọ̀nà, màmá mi pè.

"Bó bá bọ́ sí i, ó bọ́ sí i," wọ́n ní. "Bí kò bá bọ́ sí i, mo ti nu ẹ̀rọ yẹn kalẹ̀."

Mo pa fóònù.

Yàrá tútù kan ni wọ́n kó wa sí, tábìlì gígùn, ife omi níwájú olúkúlùkù, ẹ̀rọ kan sì ń ju àwòrán sára ògiri. Baba kan tí ohùn ẹ̀ rọ̀ ni olórí wọn. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo sọ̀rọ̀, ẹnu mi dùn. Nígbà tí fọ́tò ẹyin náà hàn lára ògiri, gbogbo wọn na ọrùn.

"Fọ́tò yìí mọ́lẹ̀ o," baba náà ní. "Ṣé ẹ ò sún mọ́ ọn jù báyìí?"

"Rárá, sà. Ọ̀nà jíjìn ni mo wà."

"Ìyá ẹyẹ yẹn ńkọ́?"

"Ó fúnra ẹ̀ dìde ni, sà. Ó lọ wá oúnjẹ."

Mo jókòó. Lọ́kàn mi, mo ti ń ra bàtà igbó tuntun.

Ó kan Adákẹ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ wá la ẹnu.

"Ìtẹ́ tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù mi, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́," ó ní. "Mi ò wá tọrọ owó lórí ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni mo wá fi hàn yín. Òkú ni kámẹ́rà tí mo lò nígbà tí wọ́n yá mi. Ibi tí bátìrì ń jókòó sí ló dógùn-ún. Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, ó sì tanná. Mo dúró títí ìyá ẹyẹ fi fò lọ jẹun fúnra ẹ̀ kí n tó lọ so ó."

Mo nawọ́ sí ife omi tó wà níwájú mi.

Fọ́tò àkọ́kọ́: igún lórí ẹyin. Èkejì: ó ń fi ẹnu yí ẹyin ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òmíràn: ìyẹ́ apá, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, eyín. Eyín mi! Ó gba gbogbo ògiri. Ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, torí kò tíì yé e. Fọ́tò yí. Ahọ́n mi dé.

Lẹ́yìn etí mi nínú fọ́tò yẹn, ẹyin wà nínú ìtẹ́, funfun, tòun ti àbààwọ́n pupa ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹyin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn wọ́n pé tèmi ni. Baba olóhùn rọ̀ yẹn wo ògiri, ó wò mí, ó tún wo ògiri.

Kannakánná dé. Mi ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Ibi tí wọ́n ti pa mí rèé. Ìyá ẹyẹ padà wá. Ó dúró lórí ìtẹ́, ó wolẹ̀. Ó wá jókòó, ó sì tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, lórí òfo. Fọ́tò yí, ó wà níbẹ̀ nínú oòrùn. Fọ́tò yí, òjò ń pa á, kò dìde. Adákẹ́ kàn ń yí fọ́tò, ó ń yí i. Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá dìde. Mi ò gbọ́ kí ohùn wọn lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo fọwọ́ sí i," wọ́n sọ fún ìgbìmọ̀. "Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ irọ́ yẹn." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Má bá wa wọ mọ́tò padà."

Ẹ máa rò pé mo bẹ̀bẹ̀. Rárá. Mo na ìka sí Adákẹ́.

"Ìwọ lo dẹ páńpẹ́ fún mi! O ti mọ̀ látọjọ́ yìí, ò ń kí mi káàárọ̀!"

"Igún ni mo so ó fún, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mi ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Wọ́n fún un ní gíráǹtì náà, kó máa fi ṣọ́ àpáta yẹn. Ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa, mo bínú. Kì í ṣe ara mi ni mo ń bínú sí. Òun ni. Mo ṣépè fún un títí mo fi délé. Ẹgbẹ́ náà yọ orúkọ mi kúrò lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá mọ̀ wọ́n. Mo dé ọ̀dọ̀ màmá mi, mo ń retí kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn fẹsẹ̀ ti àga náà sí mi.

Ìgbà tí àsìkò tí igún máa ń sàba tún dé ni oorun kọ̀ mí. Mo dìde lọ bá Adákẹ́ ní ọ́fíìsì. Ẹrẹ̀ wà ní bàtà ẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Mo wá bẹ̀ ẹ́," mo ní.

"Ṣé èmi lẹ ṣẹ̀?"

"Adákẹ́, jọ̀ọ́..."

"Ó padà wá lọ́dún yìí," ó ní. "Ó yí àpáta yẹn po, ó yí i po. Kò bà. Ó ti lọ. Òun ni kẹ́ ẹ lọ bẹ̀, bẹ́ ẹ bá mọ ibi tó wà."

Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú kámẹ́rà jáde, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi. Ó ti nù ún mọ́.

"Ẹ gba kámẹ́rà yín. Ó ń ṣiṣẹ́."

Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n.

Àwọn ìwé ìròyìn máa ń fẹ́ kí èèyàn fi ẹ̀kọ́ kádìí irú ìtàn yìí. Tèmi rèé, ẹ gbà á tàbí kẹ́ ẹ jù ú nù: òkú tẹ́ ẹ fi ta ẹnìkejì yín lọ́rẹ, ẹ má yọ eyín sí i. Ẹ ò mọ ẹni tó ti jí i dìde.

Nígbà tí mo délé, mo yọ mẹ́mórì inú ẹ̀, mo fi sínú fóònù. Adákẹ́ ti pa gbogbo fọ́tò ibẹ̀ rẹ́. Eyín mi ò sí níbẹ̀ mọ́, ahọ́n mi ò sí. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù sí i: igún náà láàárọ̀, kí n tó dé, ó ń fi ẹnu yí ẹyin ẹ̀.

Màmá mi dá ẹ̀rọ dúró.

"Kí lò ń wò látàárọ̀ tí aṣọ oníbàárà fi wà nílẹ̀?"

"Ẹyẹ ni, Màmá."

"O ò tíì fi igún sílẹ̀?"

Mo fi fóònù sápò, mo fa aṣọ náà mọ́ra.

"Ó ti fi mí sílẹ̀," mo ní.